Pákó Jíjẹrà Lábẹ́ Ọ̀dà Funfun

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jókòó díẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà láyé tó dalẹ̀ rẹ, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ lásán, itọ́ á korò lẹ́nu rẹ, ìwọ gan-an ni a kọ ìtàn yìí fún.

Ní ìlú Ìpapó, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ṣakí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ládòkun. Kápẹ́ńtà ni, bọ́dì lọ́rí ló ń kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé bí òun bá kan bọ́dì lọ́rí, ilé bíríkì yóò wó kí bọ́dì náà tó mì. Bí ó bá sì ń sọ ọ́, wọ́n á gbọ́ ọ ní Kòmu, ìlú kejì.

Ládòkun gbéraga. Bí ó bá ń lọ sọ́jà, àyà rẹ̀ á ti débẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílé. Oǹdè ló sì gbójú lé. Ó so oǹdè mọ́ apá, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó tún fi ọ̀kan sábẹ́ fìlà. Bí ó bá fẹ́ wẹ̀, yóò máa tú oǹdè títí omi gbígbóná yóò fi di omi tútù.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Ògúndèjì, awakọ̀ lọ́rí. Wọ́n jọ dàgbà, wọ́n jọ fẹ́yàwó lóṣù kan náà. Bí Ládòkun bá jẹ ata, Ògúndèjì ni yóò sín.

Ní nǹkan bí ọdún 1981, òkìkí kàn pé wọn yóò sé odò Ògùn lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, pé omi yóò kún gbogbo àfonífojì ibẹ̀. Òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà gbọ́, ó sì fi tírélà gbé ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi kan wá láti Èkó. Ó ní bí omi bá ti dé, òun yóò máa najú lórí rẹ̀. Omi kò tètè dé. Ibà ló kọ́kọ́ dé. Òyìnbó bá ká ẹrù rẹ̀, ó padà sí ìlú rẹ̀, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú pápá létí ọ̀nà ní Ìpapó. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì bá sowó pọ̀, wọ́n rà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ní yàrá, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ibi ìdáná, ó sì ní fèrèsé onígíláàsì bí ilé olówó. Ṣùgbọ́n pápá ti gbà á. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Ẹtù ti yé ẹyin sórí bẹ́ẹ̀dì. Ejò kan wà nídìí ẹ́ńjìnnì tó gùn débi pé orí rẹ̀ á ti sùn, ìrù rẹ̀ á ṣì máa ṣeré.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́, wọ́n mùlẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n bomi sí i, wọ́n sọ obì sí i, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹni tó bá da ẹnì kejì nítorí ọkọ̀ yìí, kí ilẹ̀ gbé e mì kí oṣù tó lé.”

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Háà, iṣẹ́ wà níbẹ̀! Ládòkun fi àfọ́kù ìgò họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò títí èékánná rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wọ igbó lọ gé igi apá, ó là á, ó ń fi omi híhó àti iná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè rí bí egungun ìhà. Bí ọ̀kan bá tẹ̀, mẹ́ta á ti kán. Ògúndèjì tú ẹ́ńjìnnì sórí ẹní, ó fi kẹrosíìnì fọ gbogbo irin rẹ̀, ó sì ń fi irin lọ́rí dípò èyí tó ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ. Òjò dé, ó lọ. Wọ́n ṣì ń kàn án.

Kò sí lọ́rí tó kọjá lọ sí Ṣakí tí èrò inú rẹ̀ kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. “Kápẹ́ńtà! Nígbà wo ni òkun ń bọ̀ ní Ìpapó?”

Ládòkun á dá wọn lóhùn pé, “Bó bá dé, ẹ ó lúwẹ̀ẹ́ ni! N kò ní gbé yín!”

Àwáwù ìyàwó rẹ̀ náà a máa wí pé, “Bàbá Jímọ̀, ẹ kúkú gbé ọkọ̀ yìí níyàwó. Ẹ̀yin lẹ sáà jọ ń sùn.”

Àṣírí kan wà o, ẹ fetí sílẹ̀. Pákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, omi kò lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí èrò bá kún inú rẹ̀, ibẹ̀ á wọ omi. Pákó yìí jẹrà. Kí Ládòkun tó lè pààrọ̀ rẹ̀, àfi kó tú ìdajì gbogbo ohun tó ti kàn. Ó sì ti fọ́nnu lójú Ògúndèjì pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti parí, pé kò ku nǹkan kan.

Kí ló wá ṣe? Ó po pọ́tì tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì mọ́ ẹ̀rún pákó, ó fi dí i. Ó mú oǹdè tí kì í jẹ́ kí omi gbé ènìyàn, ó kàn án mọ́ ọn láti inú. Ó wá fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó ń dán bí eyín ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Kò sọ fún Ògúndèjì. Ó ní oǹdè yóò ṣe é.

Nígbà tí ọkọ̀ kù díẹ̀ kó parí, tí omi sì ti kún lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, sòbìyà yọ lẹ́sẹ̀ Ládòkun. Ọkùnrin tó ń mi ìlú tìtì wá di ẹni tó ń rá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ojoojúmọ́ ni Ògúndèjì ń wá kí i. Á gbé àgbo wá, á jẹ èkuru Àwáwù tán, á sì sọ pé, “Ọ̀rẹ́ mi, sinmi. Ọkọ̀ kò ní ẹsẹ̀. Kò lè rìn lọ.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwáwù sáré wọlé, ìborùn rẹ̀ ti já sílẹ̀ lọ́nà. “Bàbá Jímọ̀! Ọkọ̀ ti rìn lọ o!”

Ládòkun rá dé etí ọ̀nà. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju koríko tó ti dùbúlẹ̀ àti ipa táyà tírélà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ròyìn fún un pé ọkọ̀ ti wà lórí omi, pé Ògúndèjì ti jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà: TI ÒGÚNDÈJÌ NÌKAN.

Ìwọ tó ń kàwé yìí, ṣé ẹni tí ẹ jọ ń jẹun ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ rí? O mọ bó ṣe ń rí. Ládòkun sunkún títí oorun fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Kò burú. A ti mùlẹ̀. Ilẹ̀ ń bọ̀ wá gbé e mì.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í retí òkú. Gbogbo ẹni tó bá ti Ìṣẹ́yìn bọ̀ ló ń bi pé, “Ara Ògúndèjì ńkọ́?”

“Ó le bí òkúta o.”

“Kò wú? Kò húkọ́?”

“Wíwú kẹ̀? Ó sanra ni. Ọrùn rẹ̀ ò gba inú ẹ̀wù mọ́.”

Oṣù lé. Oṣù mìíràn tún lé. Ládòkun fi ìkúùkù lu ilẹ̀ ilé rẹ̀, ó ní, “Ilẹ̀! Ìwọ náà dà mí!”

Ẹnì kan ń bẹ ládùúgbò tó ń jẹ́ Ìyápọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Kíkẹ́. Àgbẹ̀ ọlọ́kà bàbà ni, ó sì jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ládòkun ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ rí títí ó fi sú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀rẹ́ yòókù ti ń sá fún òórùn ẹsẹ̀ Ládòkun, Bàbá Kíkẹ́ ló wá tòun ti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Bàbá Kíkẹ́, ẹ má wàásù fún mi lónìí o. Inú ń bí mi.”

“N kò gbé ìwàásù wá. Omi ni mo gbé wá. Na ẹsẹ̀ rẹ.”

Ó wẹ egbò náà. Aràn ti jáde tán, ojú rẹ̀ ti ń jiná. Ládòkun kò lè dákẹ́. “Ẹ rí ohun tí Ògúndèjì fojú mi rí?”

“Mo rí i. Ẹni tó ń bá Jésù jẹun nínú àwo kan náà ló tà á. Ẹnu ló sì fi kò ó lẹ́nu, kí àwọn tó wá mú un lè dá a mọ̀.”

“Kí wá ni Jésù fi ṣe é?”

“Ó pè é ní ọ̀rẹ́.”

Ládòkun rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò ju ewúro tí a kò fọ̀. “Èmi kì í ṣe Jésù.”

“Mo mọ̀,” ni Bàbá Kíkẹ́ wí. “Ohun tó jẹ́ kí n máa wá nìyẹn.”

Bí wọ́n ti ń sọ èyí lọ́wọ́, Àwáwù ti ọjà dé. “Ẹ ti gbọ́? Ọ̀la ni Ògúndèjì máa gbé èrò àkọ́kọ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn ọmọ ilé ìwé, wọ́n ní inú ọkọ̀ náà máa kún fọ́fọ́.”

Kún fọ́fọ́! Ládòkun fò dìde, ó gbàgbé pé òun lẹ́sẹ̀ dídùn. “Ilẹ̀ ti jí! Mo ní ó ti jí! Ọ̀la ló máa gbé e mì!” Nínú ayọ̀ yìí ló ti tú gbogbo ọ̀rọ̀ pákó náà sílẹ̀, pọ́tì, oǹdè, ọ̀dà, gbogbo rẹ̀. Àwáwù ká ọwọ́ lórí.

Bàbá Kíkẹ́ kò pariwo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Ládòkun, ta ni yóò pa àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ́la? Ṣé ilẹ̀ ni, àbí ìwọ?”

Bàbá Kíkẹ́ da omi egbò náà nù, ó tún béèrè pé,

“Ṣé àwọn náà bá ọ mùlẹ̀ ni?”

Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ń dé Kòmu jókòó sílẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú ọkà inú rẹ̀ dànù. Ó wá rí i kedere: gbogbo bí òun ti ń pe Ògúndèjì ní ọ̀dàlẹ̀, òun ló kọ́kọ́ dalẹ̀. Kí Ògúndèjì tó gbé ọkọ̀ lọ ni òun ti fi ọ̀dà bo ikú mọ́lẹ̀ fún un. Bí ọkọ̀ náà ti rí ni òun náà rí. Òde funfun, inú ti jẹrà.

“Bàbá Kíkẹ́,” ló fi ohùn kékeré sọ, “ṣé Jésù yín lè gba irú mi?”

“Irú rẹ gan-an ló kú fún. Kì í fi ọ̀dà kun ènìyàn o. Yóò yọ èyí tó jẹrà, yóò fi tuntun síbẹ̀. Ó máa ń dunni. Ṣé o fẹ́?”

Ládòkun fẹ́. Ó dojú bolẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ọlọ́run, ó kígbe orúkọ Jésù bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ó fi ọ̀bẹ gé gbogbo oǹdè ara rẹ̀, ó sọ wọ́n sínú ààrò. Òórùn awọ jíjóná lé gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò wọ inú oko. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti lọ, Ládòkun sùn.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí Bàbá Kíkẹ́ fi gbé e sórí lọ́rí oníṣu tó ń lọ sí Ìṣẹ́yìn. Láti ibẹ̀, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ dé etí omi. Ògúndèjì rèé nínú ọkọ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó fi gíláàsì dúdú sójú. Ẹ́ńjìnnì ń ké. Èrò ti kún. Ọkọ̀ ti rẹlẹ̀, omi ti ń lá pákó ọ̀tún.

“Ẹ wò ó! Ẹlẹ́sẹ̀ sòbìyà dé!” ni Ògúndèjì kígbe. “Ṣé o wá ṣépè fún mi ni?”

“N kò wá ṣépè. Ògúndèjì, ọ̀rẹ́ mi, sọ àwọn èèyàn yẹn kalẹ̀. Pákó kan jẹrà níbẹ̀. Èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó. Mo purọ́ fún ọ.”

“Owú ló ń jẹ ọ́!”

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan wí pé, “Awakọ̀, jẹ́ ká máa lọ jàre, oòrùn ti ń mú.” Ògúndèjì na ọwọ́ láti tú okùn.

Ládòkun kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó gbé ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀, ó tọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ lọ, ó sì fi gún pákó náà. Ọ̀pá wọlé bí ìgbà tí wọ́n ki ọ̀bẹ bọ iṣu tó jinná, ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ náà bá a wọlé. Oǹdè tí kì í jẹ́ kí omi gbé ènìyàn já, òun sì ni omi kọ́kọ́ gbé.

Ariwo sọ! Ìyá ń fò, ọmọ ń fò. Omi ibẹ̀ kò ju ìbàdí lọ, gbogbo wọn ló gúnlẹ̀ láyọ̀, kò sí ẹni tó sọnù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ, èékánná àti òógùn àti oorun tí Ládòkun kò sùn, ó rì lójú rẹ̀ títí omi fi dé fèrèsé yàrá rẹ̀.

Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ládòkun, àwọn ìyá ń kúnlẹ̀. Ògúndèjì ló wọ́ ọ lẹ́wù. “O ti bà mí jẹ́!”

“Mo ti dárí jì ọ́, Ògúndèjì. Ìwọ náà dárí jì mí.”

Ògúndèjì tutọ́ sílẹ̀, ó yíjú padà, ó lọ. Títí di òní, kò kí Ládòkun. Ládòkun ń kan bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, bí pákó kan bá jẹrà, ó ń yọ ọ́ ni. Bí ó bá sì ń gbàdúrà, orúkọ Ògúndèjì ló kọ́kọ́ ń dá.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń kàwé yìí, wọ́n dà ọ́, n kò bá ọ jiyàn. Ó sì dunni. Ṣùgbọ́n kí ló wà lábẹ́ ọ̀dà tìrẹ? O mọ ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ ló kùn ún. Oǹdè kò lè dì í mú, ìmùlẹ̀ kò lè gbà ọ́, ìbínú rẹ kò lè sọ ọ́ di tuntun. Bí ọkọ̀ rẹ bá ṣófo lónìí, tó dà bíi pé kò sí ewu, ẹrù ń bọ̀, omi yóò sì dé ojú ibẹ̀.

Má dúró de ọjọ́ náà. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Sọ fún Jésù pé, “Olúwa, èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó. Yọ ọ́.” Kò ní lé ọ padà.

Àbí Ògúndèjì gan-an ni ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́? Ògúndèjì, máa bọ̀ nílé. Àyè rẹ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ládòkun. Jésù ń pè ọ́ ní ọ̀rẹ́. Lónìí ni kí o jẹ́ ìpè náà.