Àtàǹpàkò Eli

"Ṣé oògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ ti da ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín láàmú rí?" Dókítà Tasneem béèrè.

"Rárá o," Mummy dáhùn kíá.

Mọ́tọ́lá gbójú sókè. Eli, àbúrò rẹ̀, ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó ń kérora. Àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ ló wú, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò ṣeé fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n Aunty Oyèrónkẹ́, àbúrò Mummy ní Ìbàdàn, ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Mọ́tọ́lá pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ òun, òun ń gbọ́ ohùn àwọn nọ́ọ̀sì, àmọ́ òun kò lè lajú, òun kò sì lè mí. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Mummy, ọ̀rọ̀ Aunty Ìbàdàn ńkọ́?"

"Panu mọ́!" Mummy sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní àwọn ò ṣe surgery yẹn mọ́ ni? Gbogbo ayé ló sọ pé ọwọ́ ọ̀tá ló fa ti Oyèrónkẹ́. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn."

Ọmọ kì í já ìyá rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò. Àmọ́ nígbà tí Dókítà Tasneem àti àwọn nọ́ọ̀sì ti bẹ́ẹ̀dì náà síta, tí Eli nawọ́ sí Mọ́tọ́lá, ó sáré tẹ̀ lé wọn.

"Doctor, please wait!" Ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ Aunty Oyèrónkẹ́ sílẹ̀.

Dókítà náà dúró. "O ṣeun. Oògùn kan wà tó ń dẹ iṣan ara. Ara àwọn ẹbí mìíràn kì í tètè lò ó tán, wọn kì í sì lè mí fúnra wọn títí yóò fi tán. Mo máa lo òmíràn. A ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ọrùn ọwọ́ Eli, tí á máa ta iṣan rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí àtàǹpàkò rẹ̀ lè mira. Bí àtàǹpàkò náà kò bá tíì lágbára dáadáa, a ò ní yọ rọ́bà èémí lọ́nà ọ̀fun rẹ̀."

Níbi tí wọ́n ti ń dúró, Mummy kẹ̀yìn sí Mọ́tọ́lá. Mọ́tọ́lá ń fi apá ẹ̀wù nu omijé.

Nígbà tó yá, Dókítà Tasneem jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àtàǹpàkò rẹ̀ ti lágbára, a ti yọ rọ́bà náà. Ó ti jí. Ó ń mí fúnra rẹ̀. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun."

Lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ara Eli náà kì í tètè lo oògùn yẹn tán, bíi ti Aunty Oyèrónkẹ́. Mummy pe Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀. "Oyèrónkẹ́, kì í ṣe ọ̀tá o. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Sọ fún àwọn ọmọ ẹ." Ó wá di ọwọ́ Mọ́tọ́lá mú. "Má bínú sí mi. Ìtìjú ni mo ń sá fún, ìwọ ń gba ẹ̀mí là."

Ọ̀wọ̀ òbí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ tó lè gbani lọ́wọ́ ikú kì í ṣe ohun à ń gbé mì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.