Orin Inú Bàsíà

Aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan wà nínú bàsíà, èmi náà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà ọmọ-ọmọ mi dún. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wọ́n pè.

Abẹ́rẹ́ ni mo ń pe ọmọ yìí, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo fi tọ́ ọ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ti gboyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ó wá fẹ́ gba èkejì. Àwọn tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò yìí ni yóò sọ bóyá yóò wọlé, àwọn náà ni yóò sì sọ bóyá yóò rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Bí kò bá rí i, ilé ló jókòó sí.

Ọmọ mi ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Akọ̀wé nítorí pé ilé ẹjọ́ ló ti ń tẹ̀wé, ti wá láti ọjọ́ tó ṣáájú láti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ó ní kò gbọdọ̀ dárúkọ aṣọ fífọ̀ rárá. Inú ìwé ni kó ní òun ti rí gbogbo ìmọ̀ òun. Ó ta aṣọ ìbora sẹ́yìn àga ọmọ náà kí wọ́n má bàa rí àwọn okùn aṣọ wa, ó wá yíjú sí mi.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, orin yẹn. Ọ̀la nìkan."

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ní í bẹ ẹyẹ pé kó má ké? Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, n kò sì fi aago ṣiṣẹ́ rí. Oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun kò mọ ojú ẹnikẹ́ni: bó bá pẹ́ jù, á jẹ aṣọ, bó bá yá jù, àbàwọ́n á kù. Orin ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, bí ìyá tó bí mi ṣe fi wọ̀n ọ́n. Ìgbà méje ni n ó kọ ọ́, n ó sì fa aṣọ yọ.

Ìdọ̀tí, dìde, àlejò ni ọ́,
Aṣọ, jókòó, ìwọ lo nilé.

Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà tí wọ́n pè. Mo wo Abẹ́rẹ́, mo wo bàsíà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì ń wọṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn ló sì ní. Ẹnu mi ò tiẹ̀ bi mí léèrè. Ó ti mú orin lọ.

Èèyàn mẹ́ta ló wà lójú kọ̀ǹpútà: obìnrin kan tó tújú ká, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, àti ọkùnrin onígíláàsì kan tí ojú rẹ̀ le bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún ní sítáàṣì jù. Onígíláàsì béèrè ohun tó ń dún. Akọ̀wé, tó ba sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń yí rédíò. Àdéhùn wọn nìyẹn: bí ohunkóhun bá pariwo, kó ní rédíò aládùúgbò ni.

Abẹ́rẹ́ wò ó. Ó wò mí. Mo fọwọ́ bo ẹnu, orin sì ń bá a lọ lábẹ́ ọwọ́.

"Ìyá ìyá mi ni, sà," ó wí. "Alágbàfọ̀ ni wọ́n. Orin yẹn ni aago wa."

Akọ̀wé káwọ́ lérí.

Onígíláàsì ní ohun tí òun kà nínú ìwé tó kọ sí àwọn ni pé ó fẹ́ ṣèwádìí bí oògùn ṣe ń jẹ òwú aṣọ. Òun kò rí orin níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní òun ló fi í pamọ́, ojú sì ń ti òun báyìí pé òun fi í pamọ́, torí pé ìdí bàsíà ni òun ti mọ bí oògùn ṣe ń jẹ aṣọ kí yunifásítì tó fún un lórúkọ. Ọkùnrin náà ní orin kì í ṣe sáyẹ́ǹsì.

Mo rí i tí ẹ̀yìn Abẹ́rẹ́ nà gbọnrangandan bí okùn tí wọ́n sá aṣọ tútù sí.

"Ẹ má gbà mí gbọ́, sà," ó wí, kò sì gbóhùn sókè. "Ẹ fi aago yín wọ̀n ọ́n."

Ló bá fa aṣọ ìbora Akọ̀wé wálẹ̀. Gbogbo yàrá wa yọ síta: okùn, áyọ́ọ̀nù, òkìtì aṣọ, àti èmi pẹ̀lú ọwọ́ mi tí omi ti hun jọ. Mo parí ìkeje, mo fa aṣọ nọ́ọ̀sì yọ, ó funfun kinniwin. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ fún wọn: ìgbà méje, mo sinmi díẹ̀, ìgbà méje mìíràn. Kí n tó dé ìdajì, obìnrin yẹn ti ń mi orí sí i. Onígíláàsì wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni àkọ́kọ́ fi yàtọ̀ sí èkejì. Kò yìn wá. Ó ní àwọn yóò kọ̀wé sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ìwé. Ní àràárọ̀ Abẹ́rẹ́ á ṣí kọ̀ǹpútà, á pa á dé, á wá bá mi nídìí bàsíà. Akọ̀wé ní ẹnu ara rẹ̀ ló fi lé oríire lọ.

"Bọ̀ọ̀dá," ọmọ náà dá a lóhùn, "ibi tí wọn kò bá ti fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá mi àgbà, kí ni èmi fẹ́ lọ sọ níbẹ̀?"

Mo gbọ́ ọ. Àmọ́ kí áyọ́ọ̀nù tó tutù, ó ti tún lọ ṣí kọ̀ǹpútà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìwé dé. Wọ́n gbà á wọlé, wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Onígíláàsì fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ó fi ìbéèrè kan sí ìsàlẹ̀ ìwé náà: kó bá òun bi ìyá àgbà, bí wọ́n bá kọ orin náà lẹ́ẹ̀kẹjọ ńkọ́?

Mo ní kó kọ ọ́ sí i pé aṣọ á ya.

Akọ̀wé wá kí wa, ó ń wo ilẹ̀, ó ní kí a bá òun fọ aṣọ ìbora òun. A fọ̀ ọ́. Mo gbé orin débi tí àwọn ará ìta fi ń gbè é.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ta aṣọ bo ibi tí ẹ ti mọ ohun tí ẹ mọ̀. Irọ́ tí ẹ bá pa kí ẹ tó wọlé ni ẹ ó máa pa títí ẹ ó fi jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ilé yín pamọ́, ẹ kọ ọ́ sí i létí:

Ìtìjú, dìde, àlejò ni ọ́,
Òótọ́, jókòó, ìwọ lo nilé.