Ọwọ́ Tó Hù Nínú Àwo

Ọwọ́ tó hù nínú àwo mi kò ní ìka ìfábẹ̀lá. Mo wo ọwọ́ ara mi, mo tún un wò. Ìka mi pé. Mo ní bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni, àmọ́ ara mi ni mò ń tàn. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí irun mi tó funfun, ṣé ọwọ́ títẹ̀ ni mi ò wá ní mọ̀?

Kí n ṣàlàyé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá aláìsàn nílé ìwòsàn, àwọn alágídí tí oògùn ò ràn mọ́. A máa ń da oúnjẹ wọn sínú àwo pẹrẹsẹ, á dì, òṣìṣẹ́ á wá tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn, a ó sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù olóoru. Tó bá di ọjọ́ kejì, ohun tó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún á ti hù ní àwòrán ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mò ń fura sí òun.

Ọwọ́ tó hù yìí ní àwọ̀ ewé, ó sì ń rùn dídùn bí èso tó ti pọ́n jù. Irú òórùn yẹn gan-an ló ń jáde lójú ọgbẹ́ àbúrò mi.

Àbúrò mi obìnrin ni, òun nìkan ni ìyá wa fi sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un yọrí sí rere, àmọ́ ojú ọgbẹ́ kọ̀, kò jiná. Wọ́n lo oògùn títí. Dókítà ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, pé tí ìyẹn náà bá kọ̀, kí n múra ọkàn mi. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi lé kòkòrò yìí kiri, òun ló wá wọ ilé mi. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mo wá rántí ìyá kan. Lọ́sàn-án àná, kí n tó lọ tẹ àwo, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tí mi ò rí rí, nínú aṣọ funfun tó ti ṣá, na ọwọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mò ń sunkún. N kì í bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀. Òfin tí mo fi ń da àwọn dókítà láàmú nìyẹn. Àmọ́ kí ẹni tó lè bí mi na ọwọ́ sí mi, kí n wá ká tèmi sẹ́yìn? Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó tutù, ó ṣì ń kán omi, mi ò sì ronú láti ka ìka rẹ̀.

Mo lọ bá olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, mo bi í pé nínú àwọn èèyàn rẹ̀, ta ni kò ní ìka ìfábẹ̀lá. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ yìí dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ní ìyá nọ́ọ̀sì kan tí kò ní in ló kọ́ òun níṣẹ́. Kòkòrò ló wọ ìka wọn, wọ́n gé ìka náà, síbẹ̀ kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ síǹkì ìfọwọ́ ni wọ́n kú sí, èyí tí àbúrò mi wà lórí rẹ̀ báyìí. Nígbà ayé wọn, tí ẹ̀rù bá ń ba aláìsàn, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú títí á fi sùn.

"Wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ló ń kó kòkòrò náà ran aláìsàn," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ta ló máa sọ fún wọn?"

Tí o bá sọ fún àgbà pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́, o ti pè é ní ìkà ènìyàn nìyẹn.

Mo mú àwo tuntun, mo gba wọ́ọ̀dù lọ. Àbúrò mi dijú. Ọwọ́ rẹ̀ kan ga díẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ìka rẹ̀ bí ẹni tó di nǹkan mú. Omi ń kán níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ọwọ́ yín mà tutù o."

Ẹnu ọ̀nà ni mo ṣì wà.

Mo sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Inú yín mọ́. Ọwọ́ yín ni ò mọ́."

Ọwọ́ àbúrò mi bọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, omi síǹkì ṣí fúnra rẹ̀. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí, bí ẹni tó fẹ́ bó awọ ara rẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Nígbà tí omi dá, òórùn dídùn yẹn wá dúró níwájú mi gan-an, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti tún na ọwọ́. Àwo ni mo gbé síwájú wọn. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, pé a ó wò ó lọ́la. Ojú mi ló ṣe tí oúnjẹ inú àwo náà tẹ̀ wọlé.

Oògùn ìkẹyìn yẹn ràn. Àbúrò mi ti ń jẹun, ó ti ń bú mi pé n kì í di ọwọ́ òun mú mọ́. Mo ní kí wọ́n hú síǹkì yẹn dànù, torí inú ihò omi bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí máa ń sá pamọ́ sí, wọ́n sì hú u. Àmọ́ láràárọ̀ tí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù olóoru, àwo kan tí mi ò gbé síbẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, ọwọ́ oníka mẹ́rin á ti hù nínú rẹ̀. Ẹnìkan á wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi, bí ọmọ tó ń retí kí wọ́n yin òun:

"Ó ti mọ́?"