Èémí Mi Nínú Ọkọ̀ Jìbírílù

Ọjọ́ tí mo jó odidi ìkòkò ẹ̀wà ní mọ́sálásí ni mo pàdé Jìbírílù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Tàbí kẹ́ ẹ rín in, èmi náà ti rín in títí. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ìdí bí odó, tó ti ń se ẹ̀wà láti ìgbà tí ọyàn ò tíì yọ láyà rẹ̀, ló dúró ti sítóòfù ní mọ́sálásí wa ní Chicago lọ́jọ́ Jímọ̀, tó ń ṣòfófó fún Salihat ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀wà sì ń jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn ọkùnrin sá jáde láìwọ bàtà, ó di inú yìnyín. Ìmáàmù pàápàá ká jálámíà dé orúnkún.

"Àdùfẹ́!" Salihat kígbe. "Ṣé o ò gbóòórùn ni?"

N ò gbóòórùn lóòótọ́. Kòrónà ló gbé òórùn lọ nímú mi, kò sì dá a padà títí di bí mo ti ń wí yìí. Mo lè jókòó ti ààtàn kí n máa jẹ èkuru.

Wọ́n lọ ra písà. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó ti ẹ̀wà mi, ọkùnrin gíga kan, irùngbọ̀n funfun tí wọ́n gé dáadáa. Ó fi ṣíbí họ dúdú kúrò, ó ń jẹ ìyókù.

"Ẹ̀wà yìí dùn, ìyá wa," ó ní.

"Ẹ̀ ń purọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Ṣùgbọ́n báwo lẹ ò ṣe gbọ́ òórùn rẹ̀?"

"Imú tí ẹ̀ ń wò yìí, kí ojú mi má baà rí pẹrẹsẹ ni Ọlọ́run ṣe fi sílẹ̀. Kò níṣẹ́ mìíràn."

Ojú ọkùnrin náà tàn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tàn yòò. Mo sọ nínú ara mi pé, Àdùfẹ́, ẹwà rẹ ò tíì ṣá.

Jìbírílù lorúkọ rẹ̀. Fìríìjì ló ń tún ṣe fún àwọn ilé ìtajà, ó sì ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Chicago. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ọkọ tèmi, bàbá Muminat, ti kú láti ọdún mọ́kànlá, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ Muminat láti máa bá a tọ́jú Fàdìlàt ọmọ rẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù kan ní Evanston, kì í gbélé.

Láìpẹ́ Jìbírílù ò pè mí ní ìyá wa mọ́. Ó di "àyànfẹ́". Ó di "ìbàdí àrán". Mo lọ wo ìbàdí náà nínú dígí. Àrán kọ́ ni, tìmùtìmù ni. Ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Salihat ní, "Ọkùnrin yẹn, ó dà bíi pé ó ń fi lọ́fínńdà wẹ̀ ni. Àti pẹpamíńtì. Ó pọ̀ jù."

"Fi ọkùnrin tó mọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́," mo dá a lóhùn. "Ṣé ti òbúkọ ló wù ọ́?"

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé mi lọ sílé, mo rí ohun dúdú kan bíi fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọkọ̀, ó ní okùn, ó sì ní ihò tí èèyàn ń fẹnu sí. Ó ń ké píì, píì.

"Kí leléyìí?"

"Kí olè má baà gbé ọkọ̀ ni," ó ní. "Èémí olówó rẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bí àlejò bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ́ńjìnnì ò ní dáhùn."

"Súbúhánálláhì! Òyìnbó!"

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fa ohun náà kàn mí lẹ́nu. "Mo ti fi èémí tìrẹ náà sí i, Àdùfẹ́ mi. Nínú gbogbo ayé, èèyàn méjì ni ọkọ̀ yìí mọ̀. Èmi àti ìwọ."

Ẹ sọ fún mi, obìnrin wo ló máa gbọ́ irú èyí tí orí rẹ̀ ò ní wú? Ọkọ mi tó kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò fi orúkọ mi sí ìwé ilé rí títí ó fi lọ. Ẹni tí mo pàdé nídìí ẹ̀wà jíjóná ló fi èémí mi sínú ọkọ̀!

Mo fẹ́ ẹ, hùùù. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń fẹ́ ẹ. Kí n tó jáde nílé, mo ti lé tìróò, mo ti kun ètè, torí ẹni tí ọkọ̀ bá mọ̀ gbọ́dọ̀ múra. Nígbà mìíràn, bá a ti ń lọ lójú ọ̀nà, ó tún máa ń ké. Jìbírílù á ní, "Àárò rẹ ló ń sọ ọ́." Èmi á tún fẹ́ ẹ, bí ẹni ń fẹ́ iná àdògán.

Mo fi ṣe fáàrí fún Salihat. Ó mí kanlẹ̀. "Ti bàbá Uthman tèmi, kọ́kọ́rọ́ lásán ló mọ̀."

Muminat ló kọ́kọ́ fajú ro. "Mummy, ta ni ìdílé rẹ̀? Kí ló dé tí kì í gbé ọkọ̀ dé iwájú ilé?"

"Ó ní kò sí àyè páàkì."

"Àyè páàkì pọ̀ ní òpópónà wa."

"Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ kí n di eruku lórí àga yìí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Jìbírílù wá tọrọ mi lọ́wọ́ ọmọ bíbí inú mi, bí ẹni tọrọ wúńdíá. A fi yìgì sí Sátidé tó tẹ̀ lé Ìtúnu Ààwẹ̀.

Ó wá ku kó fi mí han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Alhaja Mutmainnah, ní Aurora. Muminat wà níbi iṣẹ́, mo bá mú Fàdìlàt dání, ọmọ ọdún mẹ́rin, a so ó mọ́ àga rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Lójú ọ̀nà, Jìbírílù yà ra epo. Ó pẹ́ nínú ilé epo náà. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń jẹ pẹpamíńtì. Mo ní eruku ni. Mo fẹ́ ẹ, ẹ́ńjìnnì dáhùn, a bọ́ sí márosẹ̀.

Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sí ọ̀nà kejì. Tírélà kan fọn fèrè lé wa lórí, fááàn! Mo di àga mú. Fàdìlàt bú sẹ́kún.

"Ojú mi fà díẹ̀ ni, àyànfẹ́."

Ohun dúdú náà ké. Mo fẹ́ ẹ.

Nígbà tá a débẹ̀, Alhaja Mutmainnah dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn lójijì, ojú rẹ̀ ro. Mo rò pé ìdí mi ló rí. Mo ká ara mi jọ, mo jókòó sí etí àga bí ìyàwó tuntun.

Nígbà tá a padà délé, ọmọ ló tú u. Fàdìlàt gun orí itan ìyá rẹ̀, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì imú rẹ̀ sọ pé, "Grandma blows the straw, then Baba can drive."

Muminat yíjú sí mi. "Mummy, straw wo?"

Mo yọ̀, mo sọ fún un. Mo ní èémí mi wà nínú ọkọ̀ Jìbírílù. Kí n tó parí, ọmọ mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun taṣọ nọ́ọ̀sì.

"Mummy, kì í ṣe torí olè. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó mutí wakọ̀ ni ìjọba ń ní kó fi í sínú ọkọ̀. Bí ọtí bá wà lẹ́nu rẹ̀, ọkọ̀ ò ní tan. Kò mọ èémí ẹnikẹ́ni. Ọtí nìkan ló mọ̀. Ó sì ní kámẹ́rà. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ ló ń ya yín, àwọn tó ń ṣọ́ ọ ní ọ́fíìsì ń rí i."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé mo dára nínú fọ́tò?"

Lẹ́yìn náà ni mo wo Fàdìlàt. Mo rántí fèrè tírélà yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán, Jìbírílù fẹsẹ̀ rìn wá. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Muminat tó la ẹnu, ó ti kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wa, tirùngbọ̀n-tirùngbọ̀n.

"Àdùfẹ́, wọ́n ti rí fọ́tò rẹ. Wọ́n ní ká wá ṣàlàyé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Joliet. Ṣáà sọ pé ìwọ lò ń wakọ̀. O ní láísẹ́ńsì, kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè gba tèmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni n ó fi gbé irinṣẹ́ kiri? Báwo la ó ṣe jẹun, èmi pẹ̀lú rẹ?"

Èmi pẹ̀lú rẹ. Ó tún dùn létí mi, òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

"Ọjọ́ ẹ̀wà yẹn," mo ní, "kí ló mú ojú ẹ tàn?"

Ẹ̀yin ni mo máa ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní ìwọ.

Ó mọ ohun tí mò ń bi í. Nínú gbogbo obìnrin tó wà ní mọ́sálásí náà, èmi nìkan ni imú mi ò lè gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Mi ò ní purọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo fẹ́ràn rẹ, Àdùfẹ́. Wàláhì."

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ dòní.

"Ọjọ́ Aurora ńkọ́? Ọmọ wà lẹ́yìn."

"Díẹ̀ ni mo mu. Díẹ̀ péré."

"Ta ló wọ̀n ọ́n? Ohun tó yẹ kó wọ̀n ọ́n, ẹnu mi lo fi dí i."

Mo ní kó máa lọ. Lẹ́yìn tó lọ, mo sunkún tí ikun imú ń kán sí mi láyà. Ó dà mí. Ó fi mí ṣe èémí, bí ẹni fi ẹwìrì ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ.

Salihat wá rẹ̀ mí lẹ́kún. "Sọ ohun tó ní kó o sọ. Ní ọjọ́ orí wa yìí, níbo lo ti máa rí òmíràn? Àwọn tó kù lọ́jà, eyín ò sí lẹ́nu wọn."

Muminat ò pariwo. Ó kàn ní, "Mummy, ẹ ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú yín. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gbà á là, Fàdìlàt ò ní bá yín wọ ọkọ̀ kankan mọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mò ń jẹun lóòjọ́.

Ní Joliet, yàrá kékeré kan ni. Obìnrin òyìnbó kan, awò lójú, jókòó sí ìdí tábìlì. Jìbírílù wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Wọ́n fi fóònù pe ògbufọ̀ Yorùbá kan, ohùn rẹ̀ jọ ti ọmọ Ìjẹ̀bú. Ìyáàfin náà yí tẹlifíṣọ̀n kékeré sí mi.

"Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Fọ́tò mọ́kànlélógójì. Nínú ìkíní mo wé gèlè àlàárì. Nínú òmíràn mo ń rẹ́rìn-ín tí ihò eyín mi hàn. Nínú ọ̀kan mo pajú dé, mo sún ètè síwájú, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹnu kò lẹ́nu. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti rí ojú ara mi bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ṣe mí bíi kí n bọ́ ìborùn mi kí n fi bo ẹ̀rọ náà, kí àlejò má wo bí inú mi ti dùn tó.

Ó gbé ti ọ̀nà Aurora síta. Tìróò mi ti ṣàn. Lẹ́yìn èjìká mi, bàtà pupa kékeré kan hàn, ẹsẹ̀ Fàdìlàt, tó nà gbọnran bí ọmọ ṣe máa ń nà án tí ẹ̀rù bá bà á.

"Nígbà tí wọ́n ya èyí, ta ló ń wakọ̀?"

Jìbírílù wò mí. Mo mọ ojú yẹn, mo fẹ́ràn ojú yẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. "Èmi." Mo ti sọ ọ́ nígbà mọ́kànlélógójì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ló lè nira nínú kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i?

"Jìbírílù ni," mo ní. "Òun ló wakọ̀, nínú gbogbo rẹ̀. Èmi ni mò ń fẹ́ ẹ fún un. Mi ò mọ ohun tó jẹ́, mo rò pé ìfẹ́ ni."

Kí ògbufọ̀ náà tó túmọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màámi."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Jìbírílù dúró dè mí. Muminat, tó gbé mi wá, lọ gbé ọkọ̀.

"O dà mí, Àdùfẹ́."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ dà mí. Èmi kàn parí rẹ̀ ni."

Ó mi orí. "Yìgì ńkọ́?"

"Mo ti pe Ìmáàmù láàárọ̀ yìí, mo ní kó fagi lé e."

"Kó o tó wọlé? O ti mọ ohun tó o máa sọ nígbà yẹn?"

"Rárá. Mo kàn mọ̀ pé, ohunkóhun tí mo bá sọ, mi ò lè sùn ti ọkùnrin tó ń fi ẹnu mi mí."

Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó rọra bá mi di bọ́tìnnì òkè kóòtù mi, bó ti máa ń ṣe. "Òtútù wà níta," ó ní. Ó sì lọ.

Nígbà tí a ń kọjá níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo rí i níbi tó dúró, ó gbé kọ́là sókè, ó ń dúró de ọkọ̀ Chicago.

"Mummy, ẹ má wo ibẹ̀," Muminat ní.

Mo wò ó. Òun náà rí wa. Mo juwọ́ sí i. Ẹ bú mi bó bá wù yín, mo juwọ́ sí i, ó sì juwọ́ sí mi padà.

Muminat dẹ eré ọkọ̀, kí n lè rí i tó.