Eku Tó Mọ Ọjọ́ Jímọ̀

Ọmọ tí ọmọbìnrin náà pọ̀n kò sunkún, kò sì mirí. Láti abẹ́ igi kajú tí Ògúnwùmí jókòó sí níwájú ilé ẹgbẹ́ ní Ìgbòho ló ti rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí eruku pupa bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó fi ọ̀já méjì gbá ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Pẹ̀lú eruku náà, ojú rẹ̀ rẹwà débi pé Ògúnwùmí gbàgbé láti dìde.

"Ẹ kú ewu ọmọ o," ó kí i nígbà tó rántí pé òun lẹ́nu. "Ọlọ́run á dá a sí. Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ọmọbìnrin náà tú ọ̀já, ó rọra gbé páálí kan kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. "Sáfà ni, kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa," ó dáhùn. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá omi. Òun kì í mu omi o, èmi ni mo fẹ́ mu ún."

Báyìí ni Ògúnwùmí ọmọ Ọdẹ́bùnmi, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kajú ní Ìgbòho, ṣe pàdé Àpọ́nlé láti Ṣakí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ògúnwùmí, ó mọ iṣu gbìn, ó mọ ìwé kọ, àwọn ọmọge ìlú sì máa ń sọ pé ẹnu rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ náà, ẹnu ọ̀hún rin ìrìn-àjò.

Iṣẹ́ tó gbé Àpọ́nlé wá kò ṣòroó ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu: búlọ́ọ̀kùṣéènì. Àwọn òyìnbó tó ń ra kajú fẹ́ mọ oko tí àpò kọ̀ọ̀kan ti wá, ó sì ti sú wọn láti máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ wá pinnu pé ìwé kan náà ni Ṣakí, Ìgbòho àti Ìwéré-Ilé yóò jọ máa kọ, ìlú kọ̀ọ̀kan á sì ní odidi ẹ̀dà tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí ẹnìkan bá yí ọ̀rọ̀ padà nínú tirẹ̀, ti àwọn méjì yòókù yóò já a nírọ́. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ẹ̀dà ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní nóòdù. Ti Ìgbòho nìkan ló kù.

Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́, Àpọ́nlé so sáfà náà mọ́ bátìrì sólà, ó sì fa wáyà kan wọ inú rẹ̀ láti ara àwo sátẹ́láìtì orí òrùlé tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá. Ó fi Línọ́ọ̀sì, ètò tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà, sí i. Ojú ẹ̀rọ náà dúdú, kò ní àwòrán kankan, ọ̀rọ̀ funfun nìkan ló ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Ògúnwùmí fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni, ìyẹn náà sì jẹ́ òótọ́ díẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe báyìí?"

"Mò ń yan ìránṣẹ́ kan nínú ẹ̀rọ yìí tí yóò máa bójú tó nóòdù. N kò fún un lágbára ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ kì í kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé yín fún àlejò, àbí?"

"Ó dọwọ́ irú àlejò tó bá jẹ́."

Àpọ́nlé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó ti gbogbo ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà pa, ó wá ṣí méjì péré: ọ̀kan tí òun yóò máa gbà wọlé láti Ṣakí, èkejì tí nóòdù àwọn ìlú yòókù yóò máa gbà bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó pàṣẹ fún un pé bí iná bá lọ tó sì padà dé, kó dìde fúnra rẹ̀, kó má dúró de ẹnikẹ́ni.

"Ó kù kó ka ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ti òní," ó ní. "Ìyẹn á gbà tó wákàtí mẹ́ta. Ẹ lè máa lọ síbi iṣẹ́ yín o, Akọ̀wé."

"Ibi iṣẹ́ mi rèé," Ògúnwùmí dáhùn, ó sì lọ sun iṣu.

Wọ́n fi epo àti ata jẹ iṣu náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí wákàtí mẹ́ta fi di márùn-ún. Mẹkáníìkì ni bàbá Àpọ́nlé ní Ṣakí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì láìbẹ̀rù. Ó sọ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò gbà pé obìnrin lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé bí nóòdù kan bá ṣe ségesège, ọkùnrin kan láti Ìbàdàn ni wọn yóò gbé e fún. Ògúnwùmí gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú ló fi ń gbọ́rọ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe etí. Nígbà tí ọ̀kadà gbé ọmọbìnrin náà lọ, Ìgbòho ṣófo mọ́ ọn lójú.

Ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi ń gbàdúrà pé kí nóòdù náà bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ògúnwùmí pa iná rẹ̀, ó tún tan án. Ẹ̀rọ náà dìde fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ní aago mẹ́rin, Ògúnwùmí fa wáyà àwo sátẹ́láìtì yọ, ó sì pe Àpọ́nlé lórí fóònù.

"Ìyá Sáfà, ọmọ yín ò sọ̀rọ̀ mọ́ o."

Lọ́jọ́ kejì, Sátidé, Àpọ́nlé dé. Ògúnwùmí ti ki wáyà náà bọ ẹnu ihò rẹ̀ díẹ̀, kó lè dà bíi pé ńṣe ló tú fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin náà tì í wọlé, ó sì parí. Ìrọ̀lẹ́ ló kúrò ní Ìgbòho.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wáyà tún tú. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n rìn dé oko Ògúnwùmí, níbi tí èso kajú ti pọ́n rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀ lórí igi. Omi èso náà ta sí aṣọ Àpọ́nlé, ọmọbìnrin náà sì bú Ògúnwùmí pé ó fẹ́ kí aṣọ òun bàjẹ́ kó lè ra òmíràn. Ó pè é ní "ìwọ" nígbà tó ń bú u, kò sì padà sí "ẹ̀yin" mọ́. Ògúnwùmí kọrin wọ ìgboro.

Ní Sátidé kẹta, Àpọ́nlé kò wo wáyà. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń ka àkọsílẹ̀ inú rẹ̀. Línọ́ọ̀sì máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀, tọjọ́ taago. Akọ̀wé ni Ògúnwùmí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ní akọ̀wé tirẹ̀.

"Kí lo rò pé ó ń yọ wáyà yìí?" Àpọ́nlé bi í.

"Eku ni," ó yára dáhùn. "Eku pọ̀ níbí nítorí àwọn àpò kajú."

"Eku wo ló mọ ọjọ́ Jímọ̀, tó tún mọ aago mẹ́rin?"

Ògúnwùmí wo ilẹ̀ bóyá yóò lanu. Ilẹ̀ kò lanu. "Èmi ni," ó ní. "Mo fẹ́ rí ẹ ni."

Ó ń retí kó rẹ́rìn-ín. Omi ló lé sójú Àpọ́nlé.

"Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin Ìbàdàn fún ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń ṣèpàdé ní Ṣakí láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní nóòdù Ìgbòho kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣubú. Wọ́n ní àwọn ti sọ pé obìnrin ò lè ṣe é. Orúkọ mi lo fi ń ṣeré, Ògúnwùmí."

"Àpọ́nlé, jọ̀wọ́, mo máa..."

"Má ṣe nǹkan kan. N kì í fẹjọ́ sùn, n kò sì ní fẹjọ́ tìẹ sùn. Ṣùgbọ́n má pè mí mọ́."

Ó ti wáyà náà wọlé títí ó fi dún, ó gbé báàgì rẹ̀, kò mu omi, ó lọ.

Ìyá Ògúnwùmí gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò ṣàánú rẹ̀ rárá. "Gbangba lo ti ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́," ó ní. "Ṣé inú yàrá lo fẹ́ jókòó sí máa tọrọ àforíjì? Ìwọ lọ sí Ṣakí."

Lọ́jọ́ Ajé, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní Ṣakí kún. Àpọ́nlé dúró níwájú, ó ń sọ pé nóòdù náà kò lábùkù, àwọn kan sì ń kùn pé àwáwí ni. Bàbá Fádáre, alága ẹgbẹ́, ti gbé ọwọ́ sókè láti dájọ́ nígbà tí Ògúnwùmí wọlé, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nóòdù Ìgbòho kò bàjẹ́ rí. Èmi ni mo ń yọ wáyà rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, kó lè máa wá."

"Kí ta ni lè máa wá?" Bàbá Fádáre bèèrè.

"Àpọ́nlé, Bàbá."

Ìyá àgbà kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo ilé sì gbè é. Bàbá Fádáre nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ yìí pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó burú," ó ní. "Ẹni tó ń yọ wáyà kò lè ṣe akọ̀wé wa. Gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀. Ní ti ọmọbìnrin yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ sí ibì kankan, gbogbo ẹni tó bú u ló sì máa bẹ̀ ẹ́ kí a tó túká."

Ògúnwùmí gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀. Ó wo Àpọ́nlé. Àpọ́nlé ń wo ògiri. Ògúnwùmí padà sí Ìgbòho láìní ipò, láìní olólùfẹ́, síbẹ̀ ó sùn dáadáa.

Ìyá rẹ̀ ni ẹgbẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún. Obìnrin náà gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò sì jẹ́ kí ọmọ òun gan-an fi ìka kan ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ méje kọjá, nóòdù kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ògúnwùmí ń lọ sóko, ó ń bọ̀. Ó fẹ́ pe Àpọ́nlé lójoojúmọ́, kò sì pè é lọ́jọ́ kan.

Ní Sátidé kan, ó ń ṣa kajú lábẹ́ igi nígbà tí ọ̀kadà dúró. Àpọ́nlé ló sọ̀ kalẹ̀, láìní páálí, láìní báàgì. Lọ́tẹ̀ yìí Ògúnwùmí dìde kíá.

"Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́."

"Kí lo wá tún ṣe?"

"Èèyàn lè wá láìjẹ́ pé nǹkan bàjẹ́." Ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa kajú. "Inú bí mi gan-an. Ó ṣì ń bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tí ì rí ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ lójú àwùjọ nítorí iṣẹ́ obìnrin. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń wo fóònù."

"Ìwọ lo ní n kò gbọdọ̀ pè."

"Mo mọ̀. O sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ìyẹn ló gbé mi wá."

"Olólùfẹ́ mi," Ògúnwùmí ní.

"Rọra o. Mo ní ó ṣì ń bí mi díẹ̀."

Kí iṣu tuntun tó jáde, ẹbí Ìgbòho ti wá mọ ẹbí Ṣakí. Bàbá Àpọ́nlé ti rán ènìyàn lọ ṣèwádìí ọkọ ọmọ rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n bi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì sọ ìtàn wáyà. Bí obìnrin tí ẹbí Ìgbòho gbà láti gbẹnu sọ fún wọn ṣe lanu báyìí, bàbá náà dá a dúró.

"Ọmọkùnrin," ó ní, "kí ló dé tí o kò kàn pe ọmọ mi kí o sọ pé, 'Wá, mo fẹ́ rí ẹ'?"

"Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Bí mo bá pè é, tó ní òun kò wá ńkọ́?"

"Ẹ̀rù náà ti lọ?"

"Kò lọ, Bàbá. Ó wà lára mi báyìí."

"Ó dáa. Òun nìyẹn níwájú rẹ. Bi í fúnra rẹ, ká gbọ́."

Obìnrin agbẹnusọ náà kùn pé wọn kì í ṣe é báyẹn. Bàbá náà ní kó mu omi tútù díẹ̀.

Ògúnwùmí kọjú sí Àpọ́nlé. "Àpọ́nlé, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Àpọ́nlé wò ó títí, ẹ̀rín wá gba ojú rẹ̀ pátá.

"Mo máa fẹ́ ẹ," ó dáhùn. "Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi ń ti wáyà yẹn bọ̀. Ta ló ní kí n máa dúró di ìrọ̀lẹ́?"