Àgádágodo Ẹnu Ọgbà

Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, inú ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò wọn ní Ìsọlọ̀ ni Bàbá Túnjí máa ń wà, òun nìkan. Á ti géètì mọ́ ara rẹ̀ kí àwọn ọmọdé má baà tẹ̀lé e wọlé, á tu koríko tí kò bá tò, á nu eruku orí bẹ́ńṣì, á bomi rin òdòdó. Tó bá parí, á jáde, á fi àgádágodo sẹ́nu géètì, á fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn, á sì máa lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ààtàn ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará àdúgbò pawọ́ pọ̀ kó ìdọ̀tí rẹ̀, ìjọba yọ̀ǹda ilẹ̀, kọ́mpìnì kan tó ń ṣe ọ̀dà sì gbé owó kalẹ̀. Wọ́n gbin koríko àti igi, wọ́n ṣe ọ̀nà tó tẹ́jú fún ẹni tó bá fẹ́ rìn, wọ́n gbé iná tó ń lo oòrùn sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àwọn àgbàlagbà jókòó síbẹ̀, wọn ò fẹ́ dìde.

Kò pẹ́ ni ẹnì kan já òdòdó, tí ẹlòmíì ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sílẹ̀. Ni ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé bá sọ nípàdé pé kí wọ́n tì í pa kó má baà bàjẹ́, kí wọ́n máa ṣí i nígbà tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀. Bàbá Túnjí ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá wá gbogbo Ìsọlọ̀, wọn ò lè rí ẹni tí iṣẹ́ náà yẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àga pálọ̀ bàbá yìí ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá a wá nígbà tó rà á ní Òṣòdì, Túnjí ọmọ rẹ̀ tí kò tíì mọ ìrìn nígbà náà sì ti bímọ báyìí. Ẹni tó bá jókòó lé àga náà nígbà ooru, ọ̀rá náà á lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Àmọ́ ẹnì kan wà tí bàbá yìí fẹ́ràn ju ọgbà lọ, ju àga lọ. Àjíbíkẹ́, ìyàwó rẹ̀ ni. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lu obìnrin náà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì tíì bọ̀ sípò. Wọ́n sọ fún un ní ọsibítù pé ìrìn ni oògùn tó kù. Kó máa rìn láàárọ̀, kó máa rìn nírọ̀lẹ́, bí kò bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ náà gan.

Níbo ni yóò ti rìn? Gọ́tà wà lápá kan òpópónà wọn, kẹ̀kẹ́ Màrúwá àti ọ̀kadà gba ìyókù. Ẹ̀gbẹ́ irin tí wọ́n fi yí ọgbà ká nìkan ló ṣẹ́ kù fún un. Á di irin náà mú láti ìta, á máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ rí pé kó ṣílẹ̀kùn fún òun, torí ó mọ̀ pé yóò ṣòro fún un láti rú òfin ẹgbẹ́ nítorí ìyàwó ara rẹ̀. Ọkọ náà sì ń rí i tó ń kọjá. Àánú rẹ̀ á ṣe é, á tún tẹrí ba sídìí òdòdó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kadà tó ń sá fún kòtò yà bàrá sọ́dọ̀ Àjíbíkẹ́. Kò gbá a, ṣùgbọ́n ìyá náà ta gìrì, ọwọ́ rẹ̀ yọ lára irin, ó sì ṣubú.

Bàbá Túnjí rí i láti inú ọgbà. Irin nìkan ló wà láàárín wọn. Ó sáré sídìí géètì, ó ń kánjú, kọ́kọ́rọ́ kò wọlé. Kó tó ṣí i, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ti gbé ìyá náà jókòó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ibo ló ń dùn yín?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe mí, ọmọ mi. Orúnkún ló kàn bó."

Bàbá Túnjí kúnlẹ̀ sínú eruku. "Àjíbíkẹ́, jọ̀ọ́, má bínú."

"Kí lẹ ṣe fún mi, Bàbá Túnjí? Ṣé ẹ̀yin lẹ gun ọ̀kadà ni?"

Ó fi ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sójú bàbá náà.

Kẹ́milọ́lá ni ọmọbìnrin yẹn ń jẹ́, òṣìṣẹ́ àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́. Ó wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ ni. Ó wo géètì, ó wo ìyá tó jókòó nílẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí Màmá ń rìn ní títì, tí ọ̀nà ìrìn wà nínú ibí?"

"Ẹgbẹ́ ló ní ká tì í, kó má baà bàjẹ́."

"Ẹ má bínú sí mi o, sà. Títì tí ẹ tì í yìí gan-an ló fẹ́ bà á jẹ́. Kọ́mpìnì ọ̀dà tó ń sanwó omi àti àtúnṣe iná ti ń sọ pé àwọn ò rẹ́ni tó ń lò ó, pé àwọn fẹ́ gbé ìrànlọ́wọ́ wọn lọ síbòmíì."

"Ọgbà tó mọ́ tónítóní báyìí?"

"Ó mọ́, sà. Ta ló ń gbádùn rẹ̀? Àdéhùn wa ni pé ìjọba ló ni ilẹ̀, kọ́mpìnì á máa tún nǹkan ṣe, ẹ̀yin ará àdúgbò á máa lò ó, ẹ ó sì jọ máa ṣọ́ ọ. Níbi tí àgbà bá ń jókòó sí, tí ọmọdé ń ṣeré, àwọn ọmọ ìta kì í fi bẹ́ẹ̀ ráàyè ṣe tinú wọn. Ẹ wo kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn."

Bàbá Túnjí wò ó. Wọ́n ti ń ju ìdọ̀tí gba orí irin wọlé níbẹ̀. Ìdí òdòdó ni bàbá náà máa ń wà, kì í dé kọ̀rọ̀ yẹn.

"Tí wọ́n bá tún já òdòdó ńkọ́?" ló bi í.

Àjíbíkẹ́ ló dáhùn. "Òdòdó á tún hù, Bàbá Túnjí. Ẹsẹ̀ tèmi ni mi ò mọ̀."

Bàbá náà na ọwọ́ sí i, ó gbé e dìde.

Nípàdé ọjọ́ Sunday, wọn ò tíì ṣe àmín àdúrà tán tí Bàbá Túnjí fi gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. "Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Ìyàwó mi ṣubú lẹ́nu ọgbà tí mò ń ṣọ́. Mi ò lè ṣọ́ ọ báyẹn mọ́."

Kẹ́milọ́lá, tí wọ́n pè wá, tún àlàyé rẹ̀ ṣe fún gbogbo wọn, wọ́n sì fẹnu kò. Ọgbà á máa wà ní ṣíṣí láti ìdájí títí di alẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan á máa gbá a ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Àjọ ìjọba á gbé garawa ìdọ̀tí wá, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà tí èèyàn lè pè sára géètì. Ìsíátù onídìrí ní òun á gbé àpótí òun wá sábẹ́ igi ẹnu ọ̀nà, òun á máa dirun níbẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé ẹnu Ìsíátù nìkan tó lé ẹni tó bá ju ọ̀rá sílẹ̀ dé Apákún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àjíbíkẹ́ wọ inú ọgbà. Kò di irin mú. Apá ọkọ rẹ̀ ló dì mú, wọ́n sì rìn yí i ká, wọ́n ń sinmi lórí bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n délé, bàbá náà mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ọ̀rá ara àga pálọ̀ kúrò.

"Jókòó, Àjíbíkẹ́ mi," ó ní. "Ó ti rẹ̀ ọ́."

Ẹ̀yin ará àdúgbò, bí ọgbà bá wà ní sàkání yín, ẹ wọ inú rẹ̀. Ẹ mú ọmọ dání, ẹ mú àgbà dání. Ẹ má da ìdọ̀tí síbẹ̀, bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń dà á, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí iná bá kú, ẹ má kàn sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ pe àwọn tó yẹ kí ẹ pè. Bí kọ́mpìnì bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kí ẹgbẹ́ àdúgbò bá òun àti ìjọba jókòó, kí oníkálukú mọ ojúṣe rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì tó fi àgádágodo sẹ́nu ibi tó jẹ́ ti gbogbo wa, ẹ wo ẹni tí yóò kù síta. Bí dókítà bá ti ní kí ẹnì kan nílé yín máa rìn, ẹ bi ara yín léèrè ibi tó ti ń rìn.