Ihò Méjìlá

"Báàjì rẹ dà?"

Yvonne Pickup ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà ilé ààbò bọ́ǹbù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ di ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn mẹ́fà ló wà nínú ilé náà, gbogbo wọn ló lẹ báàjì Ẹ̀ṣọ́ Òfuurufú mọ́ àyà. Hilary Ormerod, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, nìkan ni kò ní.

"Màá ní in láìpẹ́," ni Hilary wí.

"Láìpẹ́ láìpẹ́! Ìwọ tí ìwé àwòrán kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín fọ́fọ́? Ahun! Ẹni tí kò bá ní báàjì, amí ni. Kọjá lọ jàre."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Hilary forí lé ilé, ojú ń tì í, inú sì ń bí i.

Ta ni kò mọ eré Ẹ̀ṣọ́ Òfuurufú ní ìlú Nelson, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún náà? Bí wọ́n bá ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ ò ní rí ọmọ kan ní títì. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà nípa Kọ́mándà Vane, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú eré náà, tí tẹlifíṣọ̀n kò ṣe rí, inú ìwé àwòrán ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló wà. Ẹ̀yìn ìwé náà ni kúpọ́ọ̀nù, ìwé pélébé tí wọ́n ń gé, wà, ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá gé méjìlá ránṣẹ́ sí London, báàjì á dé.

Àwọn ìwé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ti Hilary. Clifford, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló ni wọ́n. Láti oṣù kẹwàá ló ti wà ní ilé ìwòsàn àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ lórí òkè. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"Má fi ránṣẹ́ sí mi o. Ohun tó bá wọ wọ́ọ̀dù kì í jáde mọ́, sísun ni wọ́n ń sun ún. Bá mi tọ́jú wọn, màá kà wọ́n nígbà tí mo bá dé."

"Mo ti gbọ́."

"Má sì gé e o, Hilary."

"Mo ní mo ti gbọ́!"

Ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rín Yvonne ló kù sí i létí. Ìyá wọn kò tíì dé láti ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Hilary fa páálí tí ìwé náà wà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó ní ìpolówó ọjà ni ẹ̀yìn ìwé, kí ni Clifford fẹ́ fi ìpolówó bisikíìtì ṣe? Kí omi tó hó lórí iná, ó ti gé kúpọ́ọ̀nù méjìlá. Kò yí ẹyọ kan ṣoṣo wò.

Báàjì dé. Yvonne yà lọ́nà fún un. Inú Hilary dùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lóṣù kẹrin ni Clifford délé, ó ti rù kan egungun. Ìyá wọn yan páì ọ̀dùnkún, Clifford kò jẹ ẹ́ tán.

"Àwọn ìwé mi dà?" ló wí.

Ó jókòó ti iná, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àkọ́kọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì fún Vane. Nígbà tó yá, ẹ̀rín dá. Ẹ̀yìn kúpọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ni àwòrán tó parí ìtàn ọ̀sẹ̀ náà wà tẹ́lẹ̀. Clifford rọ́jú, ó ń fi ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mọ ohun tó sọnù, títí ó fi dé ìwé kejìlá, níbi tí ìtàn náà ti parí. Ọkọ̀ ń jóná. Ìgò afẹ́fẹ́ kan ló kù fún èèyàn méjì. Vane yíjú sí ọ̀dọ́ jagunjagun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu. Ihò ló kù.

"Kí ló sọ? Ta ló gbé afẹ́fẹ́ náà fún?"

"Mi ò mọ̀," ni Hilary wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò kà á."

"O ò kà á?" Clifford wo báàjì tó wà láyà Hilary. "Ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi kú ní oṣù kejì. Lọ́jọ́ náà mo sọ fún ara mi pé èmi ò lè kú, torí mi ò tíì mọ̀ bóyá Vane délé."

Hilary sáré jáde. Ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Yvonne.

"Báàjì? Ta ló tún ń ṣe ìyẹn? Eré bọ́ọ̀lù la ń ṣe báyìí," ni Yvonne wí. Ó sì ju ìwé tirẹ̀ sí i. Ihò. Ó ya ilé mẹ́fà, ihò kan náà ló bá nínú gbogbo ìwé wọn. Kò sí ẹni tó rántí ohun tí Vane sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Hartley tó ń ta ìwé ìròyìn mi orí. "Ọmọ mi, wọ́n ti kó èyí tí kò tà padà tipẹ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Èyí tó sì tà, ẹ̀yin ọmọ ti gé e."

Hilary padà délé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo ti rí i! Ọ̀dọ́ jagunjagun yẹn ló gbé e fún. Àwọn méjèèjì sì délé."

Clifford pa ìwé náà dé. "Má fi irọ́ lẹ̀ ẹ́, Hilary. Ihò náà sàn jù."

Kò bá a jà. Ìbá sàn kó gbá a létí. Láti ọ̀sẹ̀ náà, Clifford fúnra rẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ gba ìwé lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Hartley, pẹ̀lú àyà tí kò tíì san tán, nínú òjò. Hilary bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa bá a gbà á.

"Rárá, o ṣeun," ni Clifford wí, bí ẹni ń dá àlejò lóhùn.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá fi nǹkan sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi ojú ara yín díwọ̀n rẹ̀. Ohun tí ẹ pè ní bébà lásán lè jẹ́ òun ni ẹni tó ni ín fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ẹgbẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ gé e á sì ti gbàgbé kí oṣù mẹ́ta tó pé.